Ayàwòrán láàárín àwọn olórin: ṣé ẹgbẹ́ kan náà la jọ wà ṣá?

Ọ̀dà_ò_tíì_gbẹ kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ẹgbẹ́ wa tí kò ní dà bíi pé mò ń fẹjọ́ ẹnì kan sùn, ni mo ṣe ní kí n gbé e wá síbí.

Ayàwòrán ni mí, ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ni mo máa ń lò. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọnà. A tó bí ọgbọ̀n, olórin wà ńbẹ̀, oníjó wà ńbẹ̀, akéwì méjì, ayafọ́tò kan, àwọn tó ń ṣeré orí ìtàgé, agbẹ́gilére kan tí kì í sọ̀rọ̀, èmi àti ọmọbìnrin kan la wá jẹ́ ayàwòrán. Lẹ́nu, ẹgbẹ́ gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n tá a bá pàdé fún wákàtí mẹ́ta, orin á gba méjì àbọ̀ níbẹ̀, wọ́n á tún máíkì ṣe, wọ́n á yí okùn gìtá, wọ́n á padà sí ẹsẹ kejì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó bá wá ku díẹ̀ ká gbàdúrà ìparí ni ẹnì kan á rántí, "ẹ̀yin ayàwòrán ńkọ́, ṣé ẹ gbé nǹkan wá?" Màá gbé e jáde. Wọ́n á ní "háà, ó mà rẹwà o, Ọlọ́run á máa lò yín". Ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ló dé tí ojú ọ̀run yẹn fi pọ́n bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọwọ́ ọkùnrin yẹn ti gùn jù, bẹ́ẹ̀ ó gùn jù lóòótọ́, èmi náà rí i.

Èyí tó wá mú mi kọ̀wé ni ti oṣù tó kọjá. Wọ́n ní kí n máa yàwòrán lórí sítéèjì bí kúáyà bá ṣe ń kọrin, kí orin àti àwòrán jọ parí lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́jú méjìlá. Ọ̀dà tèmi máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó gbẹ, nígbà míì ó máa ń lé lọ́sẹ̀ kan, mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n lo irú èyí tó ń yára gbẹ. Mo lọ ra akírílíìkì, mi ò mọ̀ ọ́n lò dáadáa, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n tún wá ní kìnnìún ni kí n yà. Ẹ̀yin èèyàn mi, kìnnìún tí mo yà, ajá tó ń sunkún ló jọ. Gbogbo ilé dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké halelúyà, omijé ń bọ́ lójú ẹnì kan. Mo délé, èmi náà sunkún. Iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ rí, ìyẹn ò lè pa mí lẹ́kún. Ohun tó dùn mí ni pé nínú ọgbọ̀n èèyàn tó ń pe ara wọn ní oníṣẹ́ ọnà, ẹnì kan ò mọ̀ pé ó bàjẹ́, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n mọ̀, wọn ò lè sọ.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé irú ẹgbẹ́ yìí tiẹ̀ ṣeé ṣe, kí olórin, ayàwòrán, oníjó àti akéwì jọ wà pọ̀ kí iṣẹ́ olúkúlùkù sì máa dáa sí i, àbí kí kálukú lọ wá irú ẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú irú ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n máa gbàdúrà, mò ń gbà á.

---

Kíbọ́ọ̀dù_àgbà fèsì:

Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, jẹ́ n máa pè ọ́ ní àbúrò. Àbúrò, má bínú, mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dé orí ajá yẹn. Ẹ̀yìn náà lojú wá ń tì mí, torí èmi náà ti ní kí ayàwòrán ṣe irú ẹ̀ rí, mo sì rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún un ni.

Jẹ́ n kọ́kọ́ gbèjà àwa olórin díẹ̀. Orin ò ṣeé dá ṣe nílé kéèyàn wá gbé e wá. Tí èèyàn mẹ́jọ bá fẹ́ kọ ọ́ pọ̀, àfi kí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró síbì kan náà, orin oníṣẹ́jú mẹ́fà á sì gba iṣẹ́jú mẹ́fà nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, èèyàn ò lè gbọ́ ọ fìrí. Ìwọ dá yàwòrán ẹ lóru, o gbé e wá, a ṣíjú a rí i. Ṣọ́ọ̀ṣì tún ń retí orin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń retí àwòrán tuntun ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Bí ìpàdé gbogbo yín ṣe di rìhásà nìyẹn, mi ò rò pé ẹnì kan jókòó pète ẹ̀. Ṣùgbọ́n rìhásà ló jẹ́ o, ẹ yéé pè é ní ìpàdé.

Lọ́dọ̀ tiwa, a yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Rìhásà ní ọjọ́ tiẹ̀. Ìpàdé gbogbo oníṣẹ́ ọnà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a ò gbọdọ̀ ki wáyà kankan bọ iná. Oṣù àkọ́kọ́, àwa olórin ò mọ ohun tá a máa fi ọwọ́ wa ṣe, onílù wa ń lu orúnkún ara ẹ̀ títí wọ́n fi ní kó dákẹ́.

Ibẹ̀ ni ayàwòrán kan ti gbé iṣẹ́ kan wá tí wọ́n ní kí n wá orin sí. Mo rí ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, mo lọ wá àwọn kọ́ọ̀dù tó dùn bí oyin, mo tẹ̀ ẹ́ fún un, ó mirí, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i". Inú bí mi. Mo ní kó wá sọ bó ṣe yà á fún mi nígbà náà. Ó ní òun kọ́kọ́ fi àwọ̀ búráùn tó ṣú kun gbogbo kánfáàsì náà látòkè délẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn lòun wá ń mú ìmọ́lẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ibi tó mọ́lẹ̀ jù ló kẹ́yìn, búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré. Mo padà sílé, mo fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ dùùrù fún bí iṣẹ́jú méjì, nísàlẹ̀ pátápátá, kí ọwọ́ ọ̀tún tó wọlé pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo. Nígbà tó gbọ́ ọ kò sọ nǹkan kan, ó kàn fa àga ẹ̀ sún mọ́ mi. Torí náà tí wọ́n bá ń bi ọ́ pé kí ni àwòrán yìí túmọ̀ sí, má dá wọn lóhùn. Ní kí wọ́n bi ọ́ bó o ṣe ṣe é.

---

Akéwì_òru fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Kíbọ́ọ̀dù ti sọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un torí tàwa akéwì tún burú ju ti ayàwòrán lọ, ìgbà tí wọ́n bá ń tún máíkì ṣe ni wọ́n máa ń ní ká wá "sọ nǹkan díẹ̀ káwọn èèyàn má baà sùn".

Ẹ lọ ka Ẹ́kísódù láti orí 31, kẹ́ ẹ fo òfin ọjọ́ ìsinmi àti ọ̀rọ̀ ọmọ màlúù wúrà kọjá, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lórí 35. Ọlọ́run dárúkọ Bẹ́sálẹ́lì láti ẹ̀yà Júdà, ó ní òun ti fi Ẹ̀mí òun kún un, fún kí ni? Wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta gbígbẹ́, igi fífín. Ó fi Òhólíábù láti ẹ̀yà Dánì tì í. Nígbà tó fi máa di orí 35, oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti wà ńbẹ̀, ahunṣọ ti wà ńbẹ̀, wọ́n tún ní Ọlọ́run fi í sí àwọn méjèèjì lọ́kàn láti máa kọ́ ẹlòmíì. Kò sí olórin kankan nínú àkọsílẹ̀ yẹn o (ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n 😄). Orí 36 ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, àwọn oníṣẹ́ ọnà yẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ bá Mósè pé ohun tí àwọn èèyàn ń kó wá ti pọ̀ jù, kó dá wọn dúró. Ta ló ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, oníṣẹ́ ọnà tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fún òun mọ́!

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó o rí níbẹ̀ ni pé àgọ́ ìjọsìn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kọ́. Orí òpó igi mẹ́rin tí wọ́n fi wúrà bò ni aṣọ ìkélé máa rọ̀ sí, tí agbẹ́gi bá gé òpó kúrú, aṣọ ẹni tó hun ún á máa wọ́ nílẹ̀. Ahunṣọ ní láti mọ̀ nípa igi, bó fẹ́ bó kọ̀. Ẹ̀yin ò ní àgọ́ tẹ́ ẹ jọ ń kọ́, ìpàdé nìkan lẹ ní, ìyẹn ni kò jẹ́ kí olórin nílò láti mọ ìgbà tí ọ̀dà rẹ máa gbẹ. Ẹ wá iṣẹ́ kan tí kò ní lè dúró tí ẹnì kan nínú yín ò bá ṣe tiẹ̀ dáadáa.

Ti pé ẹnikẹ́ni ò sọ òótọ́ fún ọ, ìwà Kristẹni tí wọ́n kọ́ wa lódì nìyẹn, a rò pé ìfẹ́ ni kéèyàn máa ní "ó rẹwà". Ẹ wo àwọn òǹkọ̀wé méjì kan, Lewis àti Tolkien, ní Oxford nílùú Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1930 sí 1949, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn máa ń pàdé lálẹ́ Thursday nínú yàrá Lewis, wọ́n á máa ka ohun tí wọn ò tíì kọ tán fún ara wọn. Tolkien ò fẹ́ràn ìtàn tí Lewis kọ fáwọn ọmọdé, kò sì fi pa mọ́. Tolkien yìí kan náà ló tún sọ pé ká ní Lewis ò gba òun níyànjú ni, òun ò bá má parí ìwé ńlá òun, The Lord of the Rings. Ẹnu kan náà ló ń sọ ọ́ méjèèjì. Ó ṣe tán, àwọn tó ń kọ̀wé ló pọ̀ jù láàárín wọn, tiwa le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

---

Ẹsẹ̀_ò_gbélẹ̀ fèsì:

Mi ò gbà pẹ̀lú gbogbo yín tán o. Oníjó ni mí.

Àǹtí Ọ̀dà, ohun tí wọ́n ṣe fún yín lórí sítéèjì yẹn ò dáa, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá tìtorí ẹ̀ sọ pé ohun tí wọ́n ṣe lójú àwọn èèyàn kì í ṣe iṣẹ́ gidi, torí tèmi kò sí níbòmíì. Tí mo bá jó tán, ó tán, mi ò rí nǹkan gbé kọ́ ògiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa sọ òótọ́, òótọ́ rọrùn láti gbọ́ lórí kánfáàsì. Ayàwòrán lè kọ ojú iṣẹ́ ẹ̀ sí ògiri fún oṣù kan. Tí wọ́n bá sọ pé apá mi wúwo, inú apá yẹn náà ni mo máa bá lọ sílé. Wọ́n ti jókòó yí mi ká rí láti "sọ òótọ́", ohun tí mo sì gbọ́ jù níbẹ̀ ni ti aṣọ, pé ó fún, pé ó kúrú, pé ṣé ó yẹ kí ìdí máa mì bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ẹ ẹ̀ rántí Míkálì lójú fèrèsé, tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú Dáfídì ọkọ ẹ̀ torí pó ń jó? Sáàmù 149 àti 150 dárúkọ ijó pẹ̀lú ìlù, wọ́n á kà á tán, wọ́n á ní ká jókòó. Torí náà, ní tèmi, ẹni tó bá máa sọ òótọ́ fún mi, kó kọ́kọ́ wá wo mi nígbà tí mo ń múra sílẹ̀, nígbà tí mi ò tíì wọ aṣọ tó dáa, tí mò ń ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn kó sọ ohun tó bá wù ú.

Nǹkan kékeré kan tí ò tó nǹkan lójú ẹlòmíì: ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ọdún kan gbáko la fi fò sókè fò sílẹ̀ lórí ẹ̀ torí pé ibi tó ní pákó, ohun èlò orin ni wọ́n kó síbẹ̀. Orúnkún mi ò tíì dárí jì wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá fi ilẹ̀ tó dáa fún nínú ẹgbẹ́, òun lẹgbẹ́ náà gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wò ó dáadáa, ẹ wo ẹni tó ni iná, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́, ẹni tí wọ́n ní kó máa gbé nǹkan ẹ̀ lọ sílé.

---

Pọ́síta_lálẹ́_àná fèsì:

Ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ Bẹ́sálẹ́lì, èmi ń wá owó mi. Mo ń ya fọ́tò, mo ń ṣe pọ́síta, àwọn olórin rò pé bọ́tìnnì kan lèmi máa ń tẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mẹ́sééjì wọn máa ń wọlé, "bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, pọ́síta kékeré kan, ọ̀la la nílò ẹ̀, ti Ọlọ́run ni". Ti Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n wọ́n san owó ẹ̀rọ ìgbóhùnjáde. Wọ́n san owó ẹni tó gbé àga wá. Wọ́n tún fa pọ́síta mi gùn kó lè bá fóònù wọn mu, orí gbogbo èèyàn inú ẹ̀ wá rí gọgọrọ, wọ́n gé orúkọ mi kúrò nísàlẹ̀.

Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní Bach, ará Jámánì tó kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹpẹtẹ láyé àtijọ́, ò ṣe é torí owó, pé ògo fún Ọlọ́run nìkan ló ń kọ sí ìparí iṣẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, S.D.G. ló máa ń kọ, ìyẹn Soli Deo Gloria. Ṣùgbọ́n Bach yìí kan náà, ọdún 1723 ni wọ́n gbà á síṣẹ́ ní Leipzig, nígbà tó di 1730 ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, ó ń ṣàlàyé pé owó tó ń wọlé fún òun lórí ìsìnkú ti dínkù, torí pé afẹ́fẹ́ dára, àwọn èèyàn ò kú tó! Ó lé ní 100 thaler, owó ilẹ̀ wọn nígbà yẹn, tó pàdánù lọ́dún tó ṣáájú, ó ṣírò ẹ̀ sínú lẹ́tà. Ẹni tó ń kọ orin tó ń mú yín sunkún ni o, ó jókòó ń ka òkú. Lúùkù 10 ní alágbàṣe yẹ fún owó ọ̀yà rẹ̀, kò sọ pé àyàfi ayafọ́tò.

Tí ẹgbẹ́ ò bá lówó, kó sọ pé òun ò lówó, màá ṣe ti ọ̀fẹ́ tayọ̀tayọ̀, mo ti ṣe é rí. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí orin ní bọ́jẹ́ẹ̀tì kí tèmi wá jẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni. Àǹtí Ọ̀dà, ta ló san owó akírílíìkì yẹn?

---

Alàgbà_jẹ́jẹ́ fèsì:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo ẹ̀, ó wù mí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tẹ́nikẹ́ni ò bèèrè. Orin wà nínú ìjọ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á forí balẹ̀ fún orin. Àwòrán àti ère ńkọ́? Ṣé ẹ ò rò pé ìdí tí wọ́n fi ń fà sẹ́yìn nìyẹn?

---

Igi_àti_òkúta fèsì:

Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Agbẹ́gilére ni mí, èmi náà kì í sọ̀rọ̀ ní ẹgbẹ́ tèmi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè.

Ejò idẹ tí Ọlọ́run ní kí Mósè rọ nínú Númérì 21, àwọn tó wò ó yè. Ejò yẹn náà ni Hesekáyà fọ́ túútúú nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 18, torí wọ́n ti ń sun tùràrí sí i. Ejò kan náà ni o, bàbá. Ọlọ́run ní kí wọ́n ṣe é, ẹni tó fọ́ ọ náà ò ṣẹ̀. Mo máa ń rántí ẹ̀ tí mo bá ń gbẹ́gi, ó ń jẹ́ kí n lè jọ̀wọ́ iṣẹ́ mi tí mo bá parí ẹ̀.

Ti pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù orin, ẹ jẹ́ n ta kò yín níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní Zurich, nílẹ̀ Switzerland, ní 1524, nígbà tí wọ́n ń kó ère àti àwòrán kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pa dùùrù náà lẹ́nu mọ́. Zwingli, oníwàásù tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ẹni tí kò mọ orin o, oríṣiríṣi ohun èlò orin ló mọ̀ ọ́n lò, bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó mọ bí agbára ẹ̀ ṣe tó. Àwọn olórin ẹgbẹ́ wa ò mọ ìtàn yìí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn, ìyẹn ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ta gìtá wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní ṣé kóun wá bá mi fá igi lọ́jọ́ Sátidé. Ọwọ́ ẹ̀ ò dáa nídìí igi rárá, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ ìgbà tí igi bá fẹ́ là, ó ní òun ń gbọ́ ọ.

---

Ọ̀dà_ò_tíì_gbẹ fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bùọ̀dá Pọ́síta, èmi ni mo san owó akírílíìkì yẹn o, mo sì ṣì wà nínú gbèsè búrọ́ọ̀ṣì méjì tí mo yá.

Àǹtí Ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ti "ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́" ló gún mi jù, torí mo lọ wò ó, mẹ́rin ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wa, ọwọ́ àwọn olórin ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Ti pé a ò ní àgọ́ tá a jọ ń kọ́ náà, mi ò tíì mọ ohun tó máa jẹ́. Mo bá olórí wa sọ̀rọ̀ lánàá, mo sọ ti kìnnìún fún un, pé kò dáa. Ó wò mí. Ó ní, "mo rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ kó rí ni". Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ó ní òun máa rò ó, mi ò mọ̀ bóyá ó máa rò ó.

---

Kíbọ́ọ̀dù_àgbà fèsì:

Àbúrò, iṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ ẹ báyìí? Ya fọ́tò ẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí mi.

---

Ọ̀dà_ò_tíì_gbẹ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, kò tíì parí o. Ìdajì ẹ̀ ṣì funfun, mo ti ha ojú ọ̀run kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ó rí jákujàku.

---

Kíbọ́ọ̀dù_àgbà fèsì:

Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Má tún un ṣe o. Sọ èyí tó o kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú, kó o sọ ìdí tó o fi ha ojú ọ̀run yẹn kúrò.